Bí A Ṣe Ń Pa Flamenco Pọ̀ Mọ́ Rọ́ọ̀kì

Ẹ gbé gìtá sílẹ̀ ná. Ọwọ́ lásán la fi ń bẹ̀rẹ̀ flamenco. Àwọn ará Andalucía ní gúúsù Sípéènì, pàápàá àwọn Gitano (ẹ̀yà Roma ti Sípéènì) tó tọ́ orin yìí dàgbà, ń pe ètò ìlù rẹ̀ ní compás, àtẹ́wọ́ ni wọ́n sì fi ń dì í mú. Bí compás bá já, orin ti já nìyẹn, bó ti wù kí ohùn akọrin dùn tó. Rọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ fi kún un, òun ló máa wá bá compás nílé.

Compás tí wọ́n ń pè ní tangos ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ (kì í ṣe tango ti Ajẹntínà o). Mẹ́rin-mẹ́rin là ń kà á bíi ti rọ́ọ̀kì: ẹ dákẹ́ lórí ení, ẹ pàtẹ́wọ́ lórí èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀rin.

Bí èyí bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ó kan compás tí wọ́n ń pè ní bulerías. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ kà á sókè báyìí, kí àtẹ́wọ́ yín le níbi tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ: EÉJÌLÁ, ení, èjì, Ẹ̀TA, ẹ̀rin, àrún, Ẹ̀FÀ, èje, Ẹ̀JỌ, ẹ̀sán, Ẹ̀WÁ, oókànlá, kí ẹ tún padà sí eéjìlá. Mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì, méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí mẹ́ta ti ń di méjì yẹn ló máa ń gbé èèyàn ṣubú. Ẹ máa kà á bí ẹ bá ń fọ abọ́, bí ẹ bá ń rìn lọ sọ́jà, títí ẹsẹ̀ yín fi máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbé gìtá. Kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ń tẹ̀ pọ̀) mẹ́rin ti tó: Am (A minor), G, F, E. E ni ilé, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Bí ẹ bá tẹ F, ẹ fi okùn tó tín-ín-rín jù sílẹ̀ láìtẹ̀. Ohùn E tó ń fara gbún F yẹn ni adùn Andalucía. Onírọ́ọ̀kì sábà máa ń tẹ ohùn méjì péré nínú kọ́ọ̀dù kí gìtá oníná lè bú dáadáa. Lórí E, ìyẹn á pa ohùn G♯, bẹ́ẹ̀ G♯ gan-an la nílò. Ẹ tẹ E ní kíkún, kí ẹ dín bíbú gìtá kù níbẹ̀.

Kí dùrọ́ọ̀mù tó wọlé, ẹ jẹ́ kí cajón ṣáájú. Àpótí onígi tí wọ́n ń jókòó lé lórí lù ni. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Pẹrú ló ṣẹ̀dá rẹ̀, Paco de Lucía, onígìtá flamenco, ló sì mú un wọ flamenco ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Ẹ fetí sí àwọn tó ti ṣe é. Kiko Veneno àti àwọn Amador, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣe àwo wọn ní 1977. Ní 1979, Camarón, akọrin flamenco, kọ orin tí Kiko kọ sílẹ̀ sínú àwo La leyenda del tiempo. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ flamenco kò gba àwo náà nígbà yẹn, nítorí bàásì oníná àti dùrọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Nínú àwo Omega, tí akọrin flamenco Enrique Morente àti ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì Lagartija Nick ṣe ní 1996, ẹ ṣọ́ ohùn Morente: gìtá ń bú ramúramù, òun kò kúrò nídìí cante, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọrin flamenco.

Ọ̀rọ̀ orin ló kù. Ìlà mẹ́rin kúkúrú ti tó fún ẹsẹ kan. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ fi kọ ọ́, ẹ ṣọ́ra: orin yìí máa ń wálẹ̀ ní ìparí ìlà. Bí ẹ bá fi “ọkọ́” parí rẹ̀, “ọkọ̀” ni etí máa gbọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó fi ohùn ìsàlẹ̀ parí, bíi “ọ̀nà”, kí ẹ lè fà á gùn bó ti wù yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹnì kan jókòó tì yín, kó pàtẹ́wọ́ sí i. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ṣìnà ni kí ẹ padà sí.