Síìlì mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin: bí mo ṣe rí ohun tó ń pa wọ́n

Nígbà tí mo débẹ̀, síìlì kẹrin (mechanical seal, èyí tí kì í jẹ́ kí omi jò níbi tí ọ̀pá tó ń yí ti wọnú pọ́ǹpù) ti wà lórí tábìlì nínú páálí ẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní síìlì ayé ìsìnyí ò dáa mọ́, gbàrọgùdù ni gbogbo ẹ̀, pé kí n ṣáà bá wọn fi tuntun sí i kí iṣẹ́ máa lọ. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fún mi ní èyí tẹ́ ẹ yọ nígbà tó kọjá, ẹ má tíì já tuntun yẹn.

Pọ́ǹpù centrifugal ni, mọ́tò ń yí i pẹ̀lú kọ́pùlìn tó so ọ̀pá àwọn méjèèjì pọ̀, ó ń fa omi gbígbóná, nǹkan bíi 80°C, látinú táńkì tí ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo nu ojú síìlì tí wọ́n yọ, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ojú méjì ni síìlì ní, ìkan ń yí, ìkan dúró, omi fẹ́lẹ́ ló máa ń wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí wọ́n jó ara wọn. Ti èyí, ilà tín-ín-rín ti la ojú ẹ̀ láti inú bọ̀ síta bíi ìtànṣán oòrùn, etí ẹ̀ sì ti kán wẹ́wẹ́. Ooru ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kò sí síìlì gbàrọgùdù láyé o, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, òùngbẹ ló pa á.

Síìlì kẹta ṣì wà nínú pọ́ǹpù, ó ń jò, wọ́n ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹnu sùkúrú-dẹ́rẹ́fà ti ara pọ́ǹpù, mo fi ìdí ẹ̀ sétí, ariwo tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tí wọ́n ń mì ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní gbàgbé. Abẹ́rẹ́ gáàjì níbi tí omi ń gbà jáde ń gbọ̀n rìrì, mo fi clamp meter wọ wáyà mọ́tò, ó ń fa 31 áńpù, ìwé tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ sì fi hàn pé 38 ló máa ń fà tẹ́lẹ̀. Tí irú pọ́ǹpù yìí bá ṣàdédé ń jẹ iná kéré, ó sábà máa ń jẹ́ pé omi tó ń gba inú ẹ̀ kọjá ló dín kù, kò sí ọlá kankan níbẹ̀. Mo wo ìhà tó ń yí sí náà, torí tí wọ́n bá gbé wáyà mọ́tò gba ara wọn, pọ́ǹpù á máa yí sẹ́yìn, á ṣì máa gbé omi díẹ̀, á wá máa tan èèyàn jẹ. Ìhà tó yẹ ló ń yí sí.

Mo wá rọra ti fáàfù níbi tí omi ń gbà jáde, díẹ̀ báyìí. Ariwo rọlẹ̀. Mo ṣí i padà, òkúta tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé mi níbẹ̀: cavitation ni. Tí omi ò bá rọ́nà wọlé dáadáa, agbára tó ń tì í níbi ẹnu pọ́ǹpù á lọ sílẹ̀, omi á hó níbẹ̀ láìdé 100°C rárá (èyí tó ti gbóná dé 80°C tẹ́lẹ̀, kí ló kù fún un?), àwọn ìhó (bubble) kéékèèké yẹn á wọnú impeller, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù láti ti omi, wọ́n á fọ́ níbi tí agbára ti pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ni wọ́n ń gbá irin. Gbogbo ẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú síìlì á máa ṣí, á máa gbẹ.

Mo bi ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ pé kí lẹ yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá." Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ jàre. Mo tún bi í lọ́nà míì, mo ní ta ló fọwọ́ kan páìpù yìí kẹ́yìn? Háà, ó ní wọ́n pààrọ̀ fáàfù tó wà lọ́nà táńkì, wẹ́dà gé páìpù ó sì jó o padà, ó ti tó oṣù márùn-ún.

A pa á, a yọ iná ẹ̀ a sì tì í pa, a jẹ́ kó tutù, a ṣí asẹ́ tó wà níwájú pọ́ǹpù. Èépá irin tó ń já bọ́ tí wọ́n bá ń jó páìpù ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú awẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì kan tó bo ìdajì ojú asẹ́. Gbogbo wọn ń bá mi yọ̀. A tan án, ariwo dín kù lóòótọ́, áńpù gòkè dé 35, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ṣì ń gbọ̀n.

Ibí ni mo ti ṣe òpònú díẹ̀. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé, mo po omi ọṣẹ, mo ń fi pa gbogbo ojúkò páìpù tó ń fa omi, mò ń retí kó hó. Ibi tó ń fà! Báwo ló ṣe fẹ́ fẹ́ ọṣẹ síta? Ọmọkùnrin yẹn ló tiẹ̀ fi ọwọ́ hàn mí pé àbààwọ́n funfun wà lábẹ́ fláǹjì kan, ìyẹn ojú irin tí wọ́n fi bóòtì so páìpù pọ̀, pé tí wọ́n bá ti pa pọ́ǹpù, omi máa ń kán níbẹ̀. Ó ń kán tó bá sinmi, ó ń fa afẹ́fẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo fi náílọ̀n fẹ́lẹ́ dì í yíká, lójú wa báyìí náílọ̀n rá wọ àárín fláǹjì, abẹ́rẹ́ sì fara balẹ̀.

A tún pa á, mo gbé dial gauge, ìyẹn gáàjì tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe yẹ̀ kúrò nílà tó, sórí kọ́pùlìn kí n tó tú bóòtì fláǹjì. Bí bóòtì tó kẹ́yìn ṣe tú, páìpù fò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìka mi wọ àlàfo ẹ̀. Wẹ́dà ò gé e bára mu, bóòtì ni wọ́n fi fà á mọ́ra tipátipá, páìpù wá ń fa pọ́ǹpù kúrò nílà mọ́tò. Dial gauge kúrò ní 0.40 mm bọ́ sí 0.06 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan mọ́tò.

A gé páìpù, a tún un jó pẹ̀lú òpó lábẹ́ ẹ̀, a fọ inú ẹ̀ kó tó wọlé, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bíárìn tuntun náà torí gíríìsì tinú ẹ̀ ti dúdú. Impeller dà bí igi tí ikán jẹ, ihò wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lu, a dá a padà. Síìlì kẹrin kúrò nínú páálí, a tan án, 38 áńpù. Oṣù kẹsàn-án rèé tí síìlì yẹn ti wà níbẹ̀, impeller nìkan ni mo ṣì ń pariwo sí wọn létí pé kí wọ́n pààrọ̀.