Windows 11 kọ̀ láti wọ orí láptọ́ọ̀pù: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sáré gbé láptọ́ọ̀pù wọn lọ sí Windows 11, tí àwọn kan sì ń há sáàárín ọ̀nà. Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí, fọ́tò ìgbéyàwó àti àkọsílẹ̀ ọjà tó ń ṣègbé nítorí pé ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ bá kù gìrì fọ́máàtì rẹ̀. Fáìlì yín sábà máa ń wà níbi tó wà. Ẹ̀rọ náà sì sábà máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń wí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ṣe é dé 71%, ló bá kú, ó tún tàn, ó ní òun ń dá gbogbo ohun tí òun ti ṣe padà. Windows 10 náà ni mo tún bá. Ó kọ 0xC1900101 – 0x30018 sójú ẹ̀rọ. Ṣé nǹkan mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ìgbéga bá kọsẹ̀, Windows máa ń dá ti àtijọ́ padà sípò pẹ̀lú gbogbo fáìlì yín. Kóòdù yẹn gan-an ni kí ẹ fọkàn sí. Apá àkọ́kọ́, 0xC1900101, sábà máa ń tọ́ka sí driver, ìyẹn ètò kékeré tí Windows fi ń bá wáífáì, ohùn, printer àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ yòókù sọ̀rọ̀. Apá kejì ń sọ ibi tí nǹkan ti dàrú, ẹ sáà wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé 0x níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 1, inú Windows 10 lẹ ṣì wà. Bó bá jẹ́ 2, ẹ̀rọ ti jáde kúrò nínú Windows 10, ó ń to ti tuntun lọ́wọ́. 3 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Windows 11 fúnra rẹ̀ tàn, 4 sì ni ìgbà kejì. Tiyín dé 3: Windows 11 ti wọlé, driver kan ló dákẹ́ tí kò dá a lóhùn.

Nítorí náà, ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́ lára: modem, printer, fláàṣì, hard disk ìta. Mouse nìkan lẹ lè fi sílẹ̀. Ẹ yọ antivirus tí ẹ rà tàbí tó bá láptọ́ọ̀pù wá. Defender tó wà nínú Windows tó fún àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, HP ni o, Dell ni o, Lenovo ni o, ẹ fi orúkọ ẹ̀yà (model) rẹ̀ wá BIOS tuntun, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó tàn, àti driver tuntun, pàápàá ti wáífáì àti ti disk. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn á bá yín tún gbogbo driver ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wàhálà tí wọ́n ń kó wọ ẹ̀rọ ju èyí tí wọ́n ń kó jáde lọ.

Kí ẹ tó tún gbìyànjú, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, gẹ́gẹ́ bí administrator (ẹni tó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ), ẹ tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, kí ó parí, kí ẹ wá tẹ sfc /scannow. Méjèèjì ń wá fáìlì Windows tó ti bàjẹ́, wọ́n ń fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀. Bó bá tún kọ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wa (download) ètò SetupDiag láti ọ̀dọ̀ Microsoft, ọ̀fẹ́ ni. Òun ni yóò ka àkọsílẹ̀ ìgbéga náà, ó sì máa ń dárúkọ driver tó fà á. Àkọsílẹ̀ náà wà nínú C:\$WINDOWS.~BT\Sources\Panther, setuperr.log ni ẹ máa wá níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi fáìlì yẹn lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá bìkítà láti kà á, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n mú iná lọ nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, bátìrì mi ò sì dára mọ́. Ní báyìí ojú rẹ̀ dúdú, àmì róbótó kan ló ń yí níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi wà nínú ẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì gbà fún un. Kọ́kọ́ mú sùúrù. Bí iná disk bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe, fi í sílẹ̀, pàápàá bí láptọ́ọ̀pù náà bá ń lo hard disk àtijọ́ dípò SSD, irú disk tuntun tó yára. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. So ó mọ́ iná tí kò ní lọ.

Bí kò bá sí ìṣísẹ̀ kankan mọ́, di bọ́tìnì tí a fi ń tan án mú títí yóò fi kú, kí o tún un tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, fúnra rẹ̀ ni yóò padà sí Windows 10. Bí kò bá lè tàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra, Windows máa gbé ojú ewé àtúnṣe tirẹ̀ wá. Wọ Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, kí o yan Startup Repair. Bí ojú ewé yẹn ò bá wá, yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, fi Media Creation Tool ti Microsoft ṣe fláàṣì Windows. Fláàṣì náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí 8 GB, kò sì gbọ́dọ̀ sí nǹkan tí o nílò lórí rẹ̀, nítorí á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Tan láptọ́ọ̀pù rẹ láti orí fláàṣì yẹn, kí o yan Repair your computer. Má fọwọ́ kan Install.

Kó pírójẹ́ẹ̀tì rẹ jáde kí o tó ṣe àtúnṣe mìíràn. Nínú Advanced options yẹn, Command Prompt wà níbẹ̀. Ṣí i, tẹ notepad, kí o tẹ Enter. Nínú Notepad, lọ sí File, kí o yan Open, kí o sì yí irú fáìlì tó ń fi hàn sí All Files. Gbogbo disk rẹ yóò yọ níbẹ̀. Wá fáìlì rẹ nínú Users, tẹ bọ́tìnì ọ̀tún mouse lé e, yan Copy, kí o lọ lẹ̀ ẹ́ sórí fláàṣì mìíràn. Lẹ́tà disk lè yí padà níbẹ̀, kí ohun tó ń jẹ́ C tẹ́lẹ̀ wá di D. Má jẹ́ kí ìyẹn já ọ láyà. Lẹ́yìn tí o bá ti rí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn pé ó ń ṣí, ọ̀gá yẹn lè wá fọ́máàtì bó bá ṣì pọn dandan.

Ìbéèrè: Mo yí nǹkan padà nínú BIOS kí Windows 11 lè wọlé. Ojú búlúù ló yọ, ó ń béèrè BitLocker recovery key. N kò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, fúnra Windows ló ń fi BitLocker ti disk pa nígbà tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Ẹ fi fóònù ṣí account.microsoft.com/devices/recoverykey, kí ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yẹn. Recovery key náà, tó jẹ́ dígíìtì 48, lẹ ń wá. Ẹ rí i pé Key ID tó wà lójú láptọ́ọ̀pù bá èyí tó wà lórí fóònù mu. Ẹ sì lè dá ohun tí ẹ yí nínú BIOS padà, nígbà míràn ìyẹn nìkan á mú kí ó tàn. Bí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá sí níbì kankan, kò sí oníṣẹ́ tó lè já disk yẹn. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá ní òun lè já a.

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣírò owó ọjà, tòkunbọ̀ ni, Computer Village ni wọ́n ti bá mi rà á. Ó ní òun kò tóótun fún Windows 11. Ọmọkùnrin kan ní òun lè fipá gbé e wọlé.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ bá mi wo About nínú Settings, ẹ wo orúkọ processor. Bó bá jẹ́ i5-6300U, 6 yẹn ni ìran rẹ̀. Ìran kẹjọ ti Intel ni Windows 11 fẹ́ kó kéré jù. i5-8350U tóótun. Bí processor bá tóótun tó sì ṣì kọ̀, TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò mọ́) tàbí Secure Boot (tó ń yẹ ohun tó ń tan ẹ̀rọ wò) ló sábà máa ń wà ní pípa nínú BIOS. Orúkọ tí Intel ń pe TPM ni PTT, AMD ń pè é ní fTPM. Bí disk bá ṣì wà ní MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín disk, ètò mbr2gpt ni yóò kọ́kọ́ yí i padà sí GPT, ti tuntun, kí wọ́n tó yí BIOS sí UEFI, ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń tàn. Ẹni tó bá ṣe é lódì, láptọ́ọ̀pù kò ní rí Windows rárá.

Ní ti fífipá gbé e wọlé, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí owó yín wà. Microsoft kò ṣèlérí ìtọ́jú fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró sórí Windows 10, ẹ lọ sí Windows Update, ẹ wá Enroll now. Ètò ìtọ́jú àfikún nìyẹn, títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026, ẹ sì lè gbà á láìsanwó bí ẹ bá gbà kí Windows máa fi ètò yín pamọ́ sórí àkáǹtì Microsoft. Kí Windows 10 yín jẹ́ ẹ̀dà 22H2 ni wọ́n fẹ́.

Ìbéèrè: 0x80070070 ńkọ́?

Ìdáhùn: Àyè kò sí. Ẹ kó fídíò àti Downloads lọ sórí disk ìta, kí ẹ lo Disk Cleanup.

Ìbéèrè: Dátà mi ń tán kó tó wà á tán, ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ wa ISO rẹ̀, fáìlì kan tó gbé gbogbo Windows 11 dání, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, ó lé ní 5 GB. Ẹ ṣí i nínú Windows 10 yín, ẹ tẹ setup.exe, ẹ yan pé kó fi fáìlì àti ètò yín sílẹ̀. ISO kan náà yóò wúlò fún gbogbo láptọ́ọ̀pù ilé.

Ìbéèrè: Ó wọlé, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde mọ́. Ṣé mo lè padà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fi driver ohùn ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí i. Bí kò bá gbọ́, ọjọ́ 10 lẹ ní: Settings, System, Recovery, Go back. Ẹ má pa fódà Windows.old rẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé, inú rẹ̀ ni Windows 10 yín wà. Bí ọjọ́ 10 kò bá tó yín, ẹ tẹ DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60 kí ó tó pé; ó di ọjọ́ 60 nìyẹn.