Bí mo ṣe yan jíìpù àlòkù tó lè rin ọ̀nà oko l'Ókè-Ògùn

Oko kaṣú wa wà lẹ́yìn Ṣakí, níbi tí ọ̀dà títì ti parí pátápátá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta àti eruku ni ọ̀nà náà. Tí òjò bá dé, ó di ẹrẹ̀ pupa, àwọn odò kéékèèké tí kò ní afárá á sì kún dé etí. Ìgbà tí kaṣú ń já bọ́, láti February wọ May, náà ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè ní kó dúró dè wá. Ọkọ̀ akẹ́rù Hilux ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ní kí n rà. Kò burú, ṣùgbọ́n tí Hilux ò bá rẹ́rù, ṣe ló máa ń ju èèyàn sókè sódò, ìyá mi tí ẹ̀yìn ń dùn sì máa ń bá mi lọ láti Ìbàdàn. Jíìpù tó tura ni mo fẹ́, èyí tí kò ní sá fún òkúta.

Kí n tó dé ọjà ni mo ti mọ ohun tí mo ń wá. Mo fẹ́ èyí tí ṣaàsí rẹ̀, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé ọkọ̀ ró, dá dúró lábẹ́ bọ́dì, tó ní jíà kékeré tí wọ́n ń pè ní 4Low, èyí tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ rọra fi agbára púpọ̀ rìn, tí mo sì lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó láìdúró de ẹnikẹ́ni tó ń ti òkè òkun bọ̀. Gbólóhùn yìí nìkan ti lé ọ̀pọ̀ jíìpù olówó ńlá kúrò níwájú mi. Lexus RX 330 àti RX 350 tó kún títì wa, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n gbé ga ni. Wọn ò ní 4Low, òmíràn nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà á. BMW X5 náà ò ní 4Low. Ọkọ̀ ìlú dáadáa ni wọ́n, mi ò bú wọn, àmọ́ èmi ò wá ọkọ̀ ìlú.

Range Rover tó jáde láàárín 2002 sí 2012 ní 4Low, ó sì mọ òkè gùn débi pé mo ronú lé e gidi. Ohun tó dá mi dúró ni pé orí àpò atẹ́gùn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lé, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí wọn. Tí nǹkan kan bá ṣe é lẹ́yìn Ṣakí, ta ni máa pè? Land Cruiser 100 àti èkejì rẹ̀, LX 470, lágbára gan-an, àmọ́ wọ́n fẹ̀ jù fún ọ̀nà oko tó jẹ́ pé igi kaṣú ń ha ọkọ̀ lápá méjèèjì. Bí mo ṣe kan Lexus GX 470 nìyẹn.

Jíìpù yìí jáde láti 2003 sí 2009. Orí ṣaàsí Land Cruiser Prado tí à ń pè ní 120 ni wọ́n kọ́ ọ lé, ìlú Tahara ní Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.7 ló wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni 2UZ-FE. Ẹ́ńjìnnì kan náà yìí wà nínú Land Cruiser 100, Tundra àti Sequoia, nítorí náà kì í ṣe àjèjì sí àwọn mẹkáníìkì wa. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á nígbà gbogbo, èèyàn sì lè ti differential àárín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, pa tí ẹrẹ̀ bá le. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀yà ẹsẹ̀ Prado ló bá a mu.

Ọdún wo ni kí n mú? Láti 2005 ni wọ́n ti fi VVT-i, ẹ̀rọ tó ń ṣàtúnṣe àsìkò tí àwọn fáàfù ń ṣí, kún ẹ́ńjìnnì náà, agbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan sí i tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù. Tí ẹ̀rọ yẹn bá kú, iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ sì lè kọ̀ láti sáré mọ́. Àtiṣe rẹ̀ wọ́n. Mo ní 2003 tàbí 2004 ni kí wọ́n bá mi wá. Horsepower 235 ti tó mi lọ́nà oko.

Bàbá mẹkáníìkì wa, tó ti ń tún ọkọ̀ ilé wa ṣe láti ìgbà bàbá mi, ni mo bẹ̀ pé kó bá mi lọ. Níbi tí a kọ́kọ́ dé, ọmọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ti ṣílẹ̀kùn, ó ti tan AC sílẹ̀ dè wá. "Ọ̀gá mi, ẹ wọlé, ẹ jókòó ná, ẹ wo bí awọ àga rẹ̀ ṣe tutù." Bàbá ò dá a lóhùn. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n sì yí sí mi: "Àbúrò, jẹ́ n wo abẹ́ rẹ̀ ná. Abẹ́ ló máa bá òkúta jà, kì í ṣe àga."

Ohun tí bàbá ń wá lábẹ́ yẹn ni ìpẹtà tí iyọ̀ máa ń fà. Láwọn ìpínlẹ̀ olótùútù l'Amẹ́ríkà bíi New York, Ohio àti Michigan, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín kí táyà má baà yọ̀. Iyọ̀ náà á wọnú ṣaàsí, á máa jẹ ẹ́ láti inú, tí ìta á ṣì máa dán. Bàbá yọ òòlù kékeré, wọ́n ń fi í kan irin náà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Gbaan, gbaan ló ń dún. Nígbà tí wọ́n dé òkè táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ìró náà yí padà, ó di èyí tí kò já gaara. Wọ́n fi èékánná ha á. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún bó bí èèpo, irin tó ti dógùn-ún di ìyẹ̀fun pupa sì dà sí wọn lójú àti irùngbọ̀n. Bàbá jáde, wọ́n gbọnwọ́, a lọ. Táyà ṣe é pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì náà ṣe é pààrọ̀, àmọ́ ṣaàsí tó ti jẹ kò ṣe é fi rin ibi tí bọ́dì á ti máa lọ́ sọ́tùn-ún sósì.

Ọkọ̀ tí omi ti mù ni mo tún ń ṣọ́ra fún. Mo máa ń fa bẹ́líìtì àga jáde títí tó fi tán, torí wọ́n lè fọ àga, wọ́n lè pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹni tó ń rántí fọ ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì ò pọ̀. Tí àbàwọ́n ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní tìwé, mi ò gbọ́ àlàyé ẹnikẹ́ni. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tó gba inú igbó láti Kùtọnu wá lè di ọ̀ràn síni lọ́rùn lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn, níbi tí kọ́sítọ́ọ̀mù ti pọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, alámì 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ bá ti ara ilẹ̀kùn mu, kó bá ti ara ṣaàsí mu, kó tún bá ti inú ìwé mu. JTJ ni nọ́ńbà GX máa ń fi bẹ̀rẹ̀, àmì kẹwàá ló sì ń sọ ọdún: 4 dúró fún 2004.

Èyí tí mo rà kì í ṣe tókùnbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Alàgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìbàdàn ló ni ín, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti wà láti ìgbà tó ti wọ Nàìjíríà. Àwọn kan máa ń sá fún ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílé. Ní tèmi, tí ẹni tó lò ó bá tọ́jú rẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju tókùnbọ̀ lọ, torí kò rí iyọ̀ láti ọdún púpọ̀, ìwé rẹ̀ sì pé.

Mo ti bẹ alàgbà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣíná sí i kí a tó dé." Bí mo ṣe dé, mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ìdí ni pé ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì yìí máa ń sán, àti pé ìgbà tó bá tutù nìkan ló máa ń dún tik-tik-tik. Tó bá gbóná, irin á fẹ̀, ariwo á sì dákẹ́. Ó dún díẹ̀ lápá òsì. Bàbá ní ìyẹn ò dí ọ̀nà oko lọ́wọ́, àmọ́ a fi dúnàádúrà.

Lẹ́yìn náà la gbé e lọ sí ilẹ̀ oníyanrìn kan. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo fi jíà sí N, mo fa ọ̀pá kékeré sí L. Ó wọlé láìjanpata. Mo ti differential àárín, iná rẹ̀ tàn, mo sì yí ọwọ́ ọkọ̀ tán, mo rọra ń tẹ̀ síwájú kí n lè gbọ́ bóyá nǹkan ń lù. Ẹ má ra jíìpù kankan tí ẹni tó ń tà á bá ní "4Low ń ṣiṣẹ́, ẹ má yọnu". Ohun tí wọn ò lò fún ọdún púpọ̀ lè ti gan.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn GX dúró lórí àpò rọ́bà tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Mo tẹ HI, ẹ̀yìn dìde. Mo pa ọkọ̀, mo wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé etí bọ́dì, mo sì tọrọ àyè lọ́dọ̀ alàgbà pé kó sùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tilẹ̀ mọ́, kò tíì lọ sílẹ̀. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ìdínkù owó ńlá ni máa bèèrè, torí èèyàn á ní láti ra àpò tuntun tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ sí sípíríńgì.

Mo ti ya ìdá kan nínú márùn-ún owó tí mo ní sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀yìn ìrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná gbogbo owó yín tán sórí ọkọ̀. Timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí lásìkò, la kọ́kọ́ pààrọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bí kìlómítà 145,000 ni wọ́n ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀, alàgbà ò sì rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí la da gbogbo ọ́ìlì nù, tó fi dé ti differential àti ti àpótí 4Low, a sì fi gírísì sí pùròpẹ́là. Mo ra táyà tuntun 265/65R17 olójú gbọọrọ tó lè gé ẹrẹ̀.

Epo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lítà 15 sí 16 ló ń lọ fún kìlómítà 100 lójú títì, lóko ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, táńkì sì ń gba 87. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó bá fẹ́ V8 gbọ́dọ̀ ṣírò èyí kó tó sanwó. Èmi ṣírò rẹ̀ mọ́ owó kaṣú tó ń jẹrà sínú ẹrẹ̀ tí a ò bá tètè kó o.

Nínú òjò àkọ́rọ̀, mo jò táyà láti 32 psi sí 20 kó lè tẹ́ mọ́lẹ̀, mo wọ 4Low létí odò, mo sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láìtẹ epo mọ́ ọn. Omi dé ìdajì táyà. Ìyá mi ń ka kaṣú tó ti bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, wọn ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí a gun òdìkejì. Ibi ìtẹ̀wọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló kan òkúta, mo ti yọ ọ́. Ó wá ku irin pẹlẹbẹ tí wẹ́dà kan ní Ṣakí ń bá mi gé fún abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó dá ihò sí i níbi tí a ti máa ń da ọ́ìlì nù.