Gẹ̀gẹ̀, Iyọ̀ àti Ẹ̀gẹ́: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Táírọ́ìdì

Níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, ni táírọ́ìdì wà, ó na apá méjì bíi labalábá. Òun ló ń ṣe họ́mónù tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ayódíìnì, èròjà kan tí ara ń rí nínú oúnjẹ, ló fi ń ṣe é. Bí kò bá rí i tó, á máa wú títí á fi di gẹ̀gẹ̀. Èpè kọ́, àfiṣe kọ́.

Ẹni tí họ́mónù yìí kéré lára rẹ̀, òtútù á máa mú un nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíì. Á máa rẹ̀ ẹ́, á máa sanra láìjẹ àjẹjù. Bó bá pọ̀ jù, èèyàn á máa rù, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Àmọ́ ẹlòmíì ní gẹ̀gẹ̀, họ́mónù rẹ̀ sì pé. Ẹlòmíì ò ní, tirẹ̀ sì ti dà rú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ ọ́. TSH, ìyẹn họ́mónù mìíràn, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Abẹ́ ọpọlọ ló ti ń wá láti ti táírọ́ìdì ṣiṣẹ́, nítorí náà bó bá ga, táírọ́ìdì ló sábà máa ń lọ́ra. Ibẹ̀ ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú bí wọ́n bá gba èsì.

Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi ayódíìnì sí iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí wọ́n tú sínú abọ́ láìbò, tí oòrùn ń pa lọ́jà, ayódíìnì rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ ra èyí tó wà nínú ọ̀rá dídì, ẹ rọ ọ́ sínú ike olómorí, kó jìnnà sí ààrò. Ẹ sọ ọ́ sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Ẹ má torí èyí fi kún iyọ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe gàrí, májèlé inú ẹ̀gẹ́ tó bá ṣẹ́ kù máa ń dí ayódíìnì lọ́nà, pàápàá níbi tí ayódíìnì ò ti tó. Bí ẹ bá rín in tán, ẹ jẹ́ kó kan fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó yan án. Kí á rín in láàárọ̀ ká yan án nírọ̀lẹ́ torí ọjọ́ ọjà, kò dára.

Ẹni tí dókítà bá fún ní levothyroxine, oògùn tó ń dípò họ́mónù táírọ́ìdì, omi lásán ni kó fi lò ó láàárọ̀, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jẹun. Oògùn tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ (áyọ́ọ̀nù) tàbí ti eegun (kálísíọ̀mù), ó di lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Obìnrin tó bá lóyún nígbà tó ń lo levothyroxine kò gbọdọ̀ dá a dúró. Kó tètè sọ fún dókítà, torí wọ́n sábà máa ń ní láti fi kún un.