Ẹ̀rọ láfún, ìwé àdéhùn, àti owó tí báǹkì ò jẹ́ kó lọ

Ìbéèrè: Láfún tí à ń sá sórí àpáta l'Abẹ́òkúta níbí máa ń bu lásìkò òjò. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa bá iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà tọwọ́ bọ̀wé lórí ẹ̀rọ tó ń mú un gbẹ. Owó ẹ̀tọ́ wọn ti tó san, báǹkì ò sì gbà á fi ránṣẹ́. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Bí ẹ ò bá tíì forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ ní NOTAP, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọlé, ibẹ̀ ló ti há. Láàárín 60 ọjọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé ni òfin ní kí ẹ ti ṣe é. Láìsí ìwé ẹ̀rí wọn, báǹkì ò gbọdọ̀ san irú owó bẹ́ẹ̀ sókè òkun.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tún ìwé yẹn kà. NOTAP lè kọ̀ ọ́ bó bá ju ọdún 10 lọ, bó bá ní ọwọ́ wọn nìkan lẹ ti gbọ́dọ̀ máa ra páàtì, bó bá ní ẹ ò gbọdọ̀ tajà sókè òkun, tàbí pé kóòtù ilẹ̀ òkèèrè ni ẹjọ́ máa lọ. Kí lọ́yà tún ibẹ̀ kọ, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè: Wẹ́dà wa tún ojú tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ṣe, láfún wá ń yá gbẹ. Iléeṣẹ́ Íńdíà náà ní ìwé àdéhùn sọ pé àtúnṣe náà di tiwọn.

Ìdáhùn: Bí wọn ò bá bá yín lọ́wọ́ sí i, irú ìlà bẹ́ẹ̀ náà wà lára ohun tí NOTAP ń torí ẹ̀ kọ àdéhùn. Ẹ má gbà fún wọn rárá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbéṣẹ́ náà fún wẹ́dà, ẹ̀yin lẹ lẹ̀tọ́ láti gba páténtì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó ni ohun tuntun tí wọ́n hùmọ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín tí ẹ ò gbà síṣẹ́ láti hùmọ̀ nǹkan, tó sì fi irinṣẹ́ yín ṣe é, òfin ní kẹ́ ẹ fún un lówó tó tọ́. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má sì gbé fídíò rẹ̀ sórí Facebook kẹ́ ẹ tó kọ̀wé béèrè fún páténtì. Ohun tí aráyé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ l'Ábújá kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tuntun, nítorí náà wọ́n lè fún yín ní páténtì lónìí, kí ẹni tó bá rí fídíò yẹn fi wọ́ ọ nílẹ̀ ní kóòtù lọ́la. Ọdún 20 ló ń lò, bí ẹ bá ń san owó ọdọọdún.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo ìmọ̀ yẹn ló yẹ ká sanwó fún?

Ìdáhùn: Rárá. Páténtì ò kọjá orílẹ̀-èdè tó fún wọn. Ẹ béèrè nọ́ńbà páténtì tiwọn ní Nàìjíríà, kí lọ́yà wá a l'Ábújá. Bí kò bá sí, ẹnikẹ́ni ló lè kan ẹ̀rọ tí wọ́n ṣàlàyé nínú páténtì òkèèrè níbí lọ́fẹ̀ẹ́. PATENTSCOPE, ibi tí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn olùhùmọ̀, kó ìwé páténtì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣeé kà láìsanwó. Àdéhùn tẹ́ ẹ ti tọwọ́ bọ̀ ṣì de ẹ̀yin, nítorí náà ẹ bá wọn dúnàádúrà tuntun. Ohun tó tọ́ sí owó ni èyí tí kò sí nínú ìwé: bí iná ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, irin tó yẹ, àti kí wọ́n wá kọ́ àwọn wẹ́dà yín títí tí wọ́n á fi lè kan òmíràn fúnra wọn.