Mò ń san lé e, gbèsè kò dín: ìrírí mi lórí owó ilé àti ẹ̀yáwó

Ohun tó bí mi nínú tí mo fi kọ èyí ni pé mo ń fún àpò ara mi pọ̀, mò ń fi owó lé iye tí wọ́n ní kí n máa san lóṣooṣù, ẹni tó yá mi lówó sì ń gba gbogbo rẹ̀ láìdín ẹyọ oṣù kan kù nínú gbèsè náà. Owó tí a yọ lẹ́nu ara wa nílé! Wọn kò jí i o. Ó wà nínú ìwé wọn, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó ilé, ẹ ó rí díẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ayánilówó ni ìjà mi gan-an wà.

Ètò owó ilé kò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ń wọlé, ẹ kọ ohun tó ń jáde, ẹ gé ohun tó ṣeé gé. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dàrú ni ìṣirò ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń ná 10,000 lọ́sẹ̀ lórí oúnjẹ àti ọkọ̀ wíwọ̀ á kọ 40,000 sílẹ̀ fún oṣù, á ní ṣebí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú oṣù. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Ẹ fi 10,000 lọ́nà 52, ẹ pín in sí 12, ohun tí ẹ ó rí ni 43,333. 3,333 tí kò sí lórí ìwé yẹn ló máa ń jẹ owó gbèsè mọ́ni lọ́wọ́, tí a ó wá máa bú ara ilé pé wọ́n ń ná ìnákúnàá. Nígbà tí mo kọ iye tòótọ́ sílẹ̀ ni àríyànjiyàn owó oúnjẹ tó dópin.

Àwọn ìnáwó tó ń wá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún náà ńkọ́? Owó ilé ìwé, ìwé ọkọ̀, àtúnṣe ilé. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, síbẹ̀ tí wọ́n bá dé, a ó máa pè wọ́n ní pàjáwìrì. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo pín in sí 12, mo sì ń gbé ìdá kan lọ sí àkáǹtì mìíràn lọ́jọ́ tí owó iṣẹ́ bá ti wọlé. Ẹni tí kò bá ṣe èyí á san gbèsè títí, á sì tún lọ yá òmíràn lọ́jọ́ tí owó ilé ìwé bá yọjú. Mo tún ní kí báǹkì sún ọjọ́ tí wọ́n ń yọ owó gbèsè sí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ owó iṣẹ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bí owó iṣẹ́ bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kò tètè wọlé, wọn kò ní í rí nǹkan yọ, owó ìtanràn á sì gun orí èlé.

Ó wá kan gbèsè tó yẹ ká kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n máa ń ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù, tàbí láti orí èyí tó kéré jù kí ọkàn yín lè balẹ̀. Èmi kò gba ìkejì, àfi tí kékeré yẹn bá máa tú owó oṣooṣù tó nípọn sílẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ náà ní ẹ̀tàn nínú, nítorí ìdá tí wọ́n kọ sórí ìwé kì í sọ gbogbo òótọ́. Ẹ wo 120,000 tí wọ́n yá yín fún oṣù 12. Ayánilówó kan ní 2% lóṣù lórí gbogbo owó tí ẹ yá, èkejì ní 3% lóṣù lórí èyí tó bá kù. Ọ̀pọ̀ á sáré mú 2%. Ẹ ṣírò rẹ̀: 2% ti 120,000 jẹ́ 2,400, ní ìgbà 12, èlé jẹ́ 28,800. Ti 3% lórí èyí tó kù, 24,665 péré ni gbogbo èlé rẹ̀. Ìdí ni pé pẹ̀lú 2% yẹn, ẹ ṣì ń san èlé lórí owó tí ẹ ti dá padà. Tí a bá wọ̀n ọ́n lórí èyí tó kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3.5% lóṣù.

Irú gbèsè méjèèjì ni mo jẹ. Síbẹ̀, ti 3% ni mo kó àfikún mi lé. Èlé tí wọ́n bá ti ṣírò mọ́ gbogbo owó láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà dín tí ẹ bá tètè san án, àfi tí àdéhùn yín bá sọ pé wọ́n á dá díẹ̀ padà. Tèmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan kún ohunkóhun, ẹ béèrè pé: tí mo bá san ju iye oṣooṣù lọ, ṣé èlé mi á dín? Ẹ gba èsì náà ní kíkọ.

Èmi béèrè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká máa lo 120,000 yẹn lọ. Ní 3% lórí èyí tó kù, owó oṣooṣù rẹ̀ jẹ́ 12,055. Lóṣù kìn-ín-ní, èlé á mú 3,600, 8,455 tó ṣẹ́ kù á dín ojú owó, ìyẹn owó gan-an tí a yá. Ojú owó á wá ku 111,545. Bí ẹ bá fi 20,000 kún ti oṣù kìn-ín-ní yìí, 91,545 ló yẹ kó kù, èlé oṣù kejì á sì jẹ́ 2,746 dípò 3,346. Láìfi nǹkan kan kún un mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, gbèsè oṣù 12 á parí ní oṣù kẹwàá, èlé tó lé ní 7,100 á sì dúró sápò yín. Nítorí èyí la ṣe ń fi ebi pa ara wa.

Ohun tí ẹ̀rọ wọn ṣe sí owó tèmi yàtọ̀. Ó rí owó tó ju iye tó ń retí lọ, ó fi ìdá kan san ti oṣù yẹn, ó kó ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ kan bí owó àsansílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí oṣù náà dé, wọn kò yọ nǹkan kan lákáǹtì mi. Ẹni tí kò fura á rò pé wọ́n ṣe òun lóore. Oore wo? Lọ́wọ́ wọn ni owó mi wà látìgbà yẹn, èlé sì ń gorí gbogbo ojú owó bí ẹni pé n kò mú nǹkan kan wá. Mò ń da omi sínú agbọ̀n, wọ́n sì ń kí mi kú iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ọjọ́ sísan tó kàn lórí ìwé àkáǹtì ẹ̀yáwó yín: tó bá ti fò kọjá oṣù kan, wọ́n ti sọ owó yín di àsansílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò. Ẹ fi ojú owó tó kù lóṣù tó kọjá lọ́nà 0.03 (tàbí ohun tí ìdá èlé tiyín bá jẹ́), ẹ yọ ohun tí ẹ bá rí kúrò nínú gbogbo owó tí ẹ san, pẹ̀lú àfikún rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ojú owó gbọ́dọ̀ fi wálẹ̀. Tí ẹ bá san 32,055 tí ojú owó sì fi 8,455 péré wálẹ̀, 20,000 yín wà níbìkan tí kò ti ṣiṣẹ́ fún yín.

Mo pe àwọn tó ń gbé fóònù wọn. “Owó yín ti wọlé, kò sí ìṣòro.” N kò béèrè bóyá ó wọlé, ibi tó wọ̀ ni mo béèrè. Wọ́n tún ní ó ti wọlé. Wọ́n gbé mi fún ẹlòmíràn, òun náà ní ó ti wọlé. Àwọn tó ń gbé ìpè kò ní àṣẹ láti gbé owó kúrò níbi tí ẹ̀rọ bá gbé e sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Inú àdéhùn ni mo ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń to bí owó ṣe ń wọlé: ìtanràn àti owó iṣẹ́ tiwọn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èlé, lẹ́yìn náà iye tó tó san, ìyókù di àsansílẹ̀ “àyàfi tí ẹni tó yáwó bá kọ̀wé.” Àyàfi kékeré yẹn ni kọ́kọ́rọ́.

Ìwé tí mo kọ kò gùn. Nọ́ńbà ẹ̀yáwó, ọjọ́ tí mo san, iye tí mo san, lẹ́yìn náà: ẹ fi àfikún yìí dín ojú owó kù láti ọjọ́ tó wọlé, ẹ má fi ṣe owó oṣù tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí iye oṣooṣù dúró bó ṣe wà, kí iye oṣù dín, ẹ fi ètò sísan tuntun ránṣẹ́. Ìlà tó ní kí iye oṣù dín yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe, iye oṣooṣù ni wọ́n dín, wọ́n fi iye oṣù sílẹ̀. Owó oṣooṣù tó kéré dùn mọ́ni, àmọ́ ojú owó á pẹ́ nílẹ̀, apá kan nínú èlé tó yẹ kó bọ́ á sì padà wọlé. Mo tún kọ̀wé.

Wọ́n tún ní àfikún tí kò bá tó odindi owó oṣù kan, àwọn kò lè fi dín ojú owó. Àgbàlọ́wọ́méèrí! Ṣùgbọ́n èyí ní ọgbọ́n tirẹ̀: mò ń kó àfikún jọ sí àkáǹtì tèmi títí á fi pé, n ó wá san án lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ń yọ owó oṣù. Tó bá jẹ́ àárín oṣù ni ẹ san án, èlé àwọn ọjọ́ tó ti kọjá ni wọn á kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, ohun tí ẹ lérò pé á dín ojú owó kò ní í pé mọ́.

Nígbà tí ètò tuntun dé tí mo rí i pé oṣù tó kẹ́yìn ti sún wá síwájú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ṣírò gbogbo ìlà rẹ̀ fúnra mi, ó bá tiwọn mu.

Gbèsè tó parí, owó oṣooṣù rẹ̀ kò padà sílé ìdáná. Lọ́jọ́ kan náà ni mo ti darí rẹ̀ sórí gbèsè tó kù, kí ojú ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ san àsanparí, ẹ má san iye tó wà lórí ìwé àkáǹtì. Iye gbèsè ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà ni, èlé sì ń wọlé lójoojúmọ́: 3% lóṣù jẹ́ nǹkan bí 0.1% lóòjọ́, tí 50,000 bá kù, 50 ń gorí rẹ̀ láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá san iye orí ìwé á gbà pé òun ti bọ́, èérún á kù, ìtanràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun èérún náà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní iye tí yóò pa gbèsè náà rẹ́ ní ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ san án lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé pé gbèsè ti tán, kí ẹ tó kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fagi lé àṣẹ yíyọ owó. Ẹ wo àkáǹtì yín lóṣù tó tẹ̀ lé e, nítorí àwọn kan ṣì máa ń yọ ọ́.