Bí mo ṣe so páànù fẹ́lẹ́ méjì pọ̀ láìjó wọn, láìlu ihò sí wọn

Àpótí onípáànù ni iṣẹ́ náà. Ojú ìsopọ̀ méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 600 mm. Páànù kan nípọn ní 1.0 mm, èkejì 0.8 mm, síǹkì sì wà lára àwọn méjèèjì. Bí mo bá fi iná wẹ́dà jó o, síǹkì yẹn á jó dànù, èéfín rẹ̀ burú fún ẹni tó ń fà á símú, ibẹ̀ náà ni irin á sì ti kọ́kọ́ dógùn-ún. Ìyẹn ló mú kí n lo clinching, ìyẹn títẹ páànù méjì wọnú ara wọn kí wọ́n lè dì mọ́ra. Páǹṣì (irin onímú tó ń tẹ̀) á ti páànù méjèèjì wọ inú dáì (irin oníhò tó wà lábẹ́) pọ̀. Bí irin bá dé ìdí dáì tí kò ráyè lọ mọ́, á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, ti òkè á wú sínú ti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì há mọ́ra. Kò gba rífẹ́ẹ̀tì, kò gba bóòtì.

Mo kọ́kọ́ yan páànù tí yóò kọjú sí páǹṣì. Èyí tó nípọn ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí èyí tó fẹ́lẹ́ wà lọ́dọ̀ dáì. Lára páànù ìhà páǹṣì ni ọrùn ìsopọ̀, ìyẹn ògiri kòtò tí páǹṣì tẹ̀, ti ń jáde. Bó bá jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́ ló wà lókè, ọrùn yẹn á fà tín-ín-rín, á sì já. Bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, èyí tó le ni kó wà níhà páǹṣì.

Imú páǹṣì mi jẹ́ 5 mm, dáì sì jẹ́ 8 mm. Ẹ̀gbẹ́ dáì náà pín sí mẹ́ta: bí irin bá ń tì í, á ṣí síta, bí iṣẹ́ bá tán, sípíríìnì á tún un pa dé. Mo fi fáìlì ha etí páànù tó gbọ́gbẹ́ níbi tí wọ́n ti gé e, torí etí tó yọ gbágungbàgun kì í jẹ́ kí páànù méjì fara kanra. Mo wá fi òróró díẹ̀ kan imú páǹṣì kí ó má baà lẹ̀ mọ́ irin.

Iṣẹ́ gidi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo gé àjákù lára páànù kan náà, mo sì tẹ oríṣi mẹ́ta. Ohun tí mò ń wọ̀n ni ìdí kòtò, ìyẹn irin tó ṣẹ́kù láàárín imú páǹṣì àti ìdí dáì. Ẹnu kálípà (ohun èlò tí a fi ń wọn ìnípọn) lásán kì í wọ kòtò náà. Olórí ṣóńṣó ni mo lò. Ti àkọ́kọ́ ku 0.82 mm: nígbà tí mo ṣí i, ó yọ bí bọ́tìnnì ṣe ń yọ lára ẹ̀wù, ọrùn kò já, àmọ́ wọn ò há mọ́ra rárá. Ti èkejì ku 0.45 mm: mo ti tẹ̀ ẹ́ jù, ọrùn sì ti sán. Ti ẹ̀kẹta ku 0.60 mm, òun ló dúró dáadáa. Mo fi ayùn là á láàárín gan-an, mo fi sandpaper 240 àti 600 dán ojú rẹ̀, mo sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ìlà tó pín páànù méjèèjì hàn kedere: ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó wá tẹ̀ síta nísàlẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Títẹ̀ síta yẹn ló ń di ìsopọ̀ mú.

Mo tẹnu mọ́ lílà yìí torí pé 0.60 kò wúlò fún páànù mìíràn tàbí dáì mìíràn. Bí imú páǹṣì bá jẹ tàbí tó bá fọ́, kálípà ṣì lè ka 0.60 nígbà tí ọrùn ti bàjẹ́ nínú.

Lórí àpótí, mo fa ìlà ní 10 mm sí etí, mo sì sàmì síbi tí màá tẹ̀, kí wọ́n fi 50 mm jìnnà síra, bẹ̀rẹ̀ láti 25 mm sí orí. Méjìlá ló bọ́ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fi kláàǹpù di wọ́n, mo tẹ ti àárín kí n tó lọ sí orí méjèèjì, torí bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti orí kan lọ sí èkejì, páànù á máa sún díẹ̀díẹ̀, á sì wú níparí.

Ní ẹ̀kẹtàdínlógún, ìdí kòtò ṣì ku 0.60, àmọ́ bọ́tìnnì ẹ̀yìn (ibi tó yọ síta níhà dáì) kò rí róbótó mọ́: ìhà kan 8.3 mm, ìhà kejì 7.9. Èéfọ́ síǹkì ló há sí abẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ dáì, kò jẹ́ kó pa dé dáadáa. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì oníbàbà gbá a, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo tún àjákù tẹ̀ kí n tó padà síbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn mẹ́fà-mẹ́fà ni mò ń gbá dáì.

Ìsopọ̀ báyìí ń gba fífà sí ẹ̀gbẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a máa ṣí etí páànù bí ẹni ń bó èèpo. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ etí àpótí náà wọnú, kí ẹrù máa fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣí i.